Àpòòwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Ṣí

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe ìwé ojú-ewé mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó yé wa: oṣù mẹ́jọ. Aboyún ìbá ti máa ra aṣọ ọmọ sílẹ̀. Tíráńsíkíríìpù ni wọ́n ń pe ìwé ọ̀hún, òun ni wọ́n ń to gbogbo máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sí, láti ọdún kìn-ín-ní títí dé ọdún kẹrin. Wọn kì í sì í fi lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́ kó rí inú rẹ̀. Wọ́n á kì í bọ àpòòwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sójú ibi tí wọ́n lẹ̀, ọ̀gá wọn á buwọ́ lù ú, wọ́n á wá kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i àfi ilé-ìwé tó ń lọ. Ọjọ́ Ajé ni ti Bushrah dé Ọ̀yọ́. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ló gbọ́dọ̀ ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, Ràmọ́tà, ìyá rẹ̀, ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà kalẹ̀ nínú pálọ̀ kékeré wọn ní Àgùnpopo. Ike àti bókẹ́ẹ̀tì ni Ràmọ́tà ń tà lọ́jà Akẹ̀sán, aago méje kì í sì í bá a nílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ó ní òun kò ní í kúrò títí ọmọ òun yóò fi jáde, kí òun lè fi àdúrà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Bushrah tú fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà kẹrin. Ìwé ẹ̀rí oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ àti ti àgùnbánirọ̀ wà níbẹ̀. Èsì wáẹ́ẹ̀kì wà níbẹ̀, pẹ̀lú kírẹ́dìtì nínú ìṣirò. Lẹ́tà olùkọ́ méjì tó jẹ́rìí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ló lọ jókòó ti ìlẹ̀kùn ọ̀kan nínú wọn kí ọkùnrin náà tó rí àyè kọ ìlà márùn-ún. Èsì ìdánwò tó ṣe lórí kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀. Dátà Sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ fi gboyè másítà, ẹ̀kọ́ bí a ti ń kó òǹkà rẹpẹtẹ jọ, tí a ó fi kọ̀ǹpútà tú u wò títí a ó fi rí ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Yunifásítì Ọmọlàṣọ, yunifásítì aládàáni tuntun kan lójú ọ̀nà Ìrẹsà, ló ń kọ́ni. Nínú gbogbo àwọn tó kọ̀wé sí wọn lọ́dún yìí, ẹni mẹ́fà ni wọn yóò kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti kọ̀wé sí Bushrah pé ó wà nínú wọn, kìkì bí ìwé máàkì rẹ̀ bá ti wọlé kí ìlẹ̀kùn tó tì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní eéní, èjì, ẹ̀ta láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ bá mi mú àpòòwé yẹn wá nínú àpótí yín."

Ràmọ́tà mú un wá. Bushrah gbà á, ó fẹ́ kì í bọ fáìlì, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró. Ó gbé e sí imú. Ó ń rùn gọ́ọ̀mù, irú èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń lẹ awọ. Ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Òǹtẹ̀ roboto tí wọ́n lù sójú ìlẹ̀pa ti yẹ̀ lórí ara rẹ̀, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ kò pàdé mọ́.

"Màmá, ta ló ṣí ìwé yìí?"

Ràmọ́tà kò tíì dáhùn tí Mashood, bàbá Bushrah, fi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń nu ọwọ́, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Oníṣẹ́ awọ ni Mashood. Ó ń rán tìmùtìmù, ó ń rán àpò, òun náà ló sì ń rán awọ bo tírà fún àwọn alfa àdúgbò, láti nǹkan bí ogójì ọdún wá.

"O ti rí i?" ó ní. "Mo ti bá ọ ṣe é. Àná ni mo gbé e tọ Alfa Israfil lọ. Wọ́n ka Yásíìnì mọ́kànlélógójì sí i. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kà á sórí àpòòwé, mo ní rárá o, àdúrà tí ẹ bá kà sórí àpò, àpò ni yóò gbà á. A kì í rán awọ bo tírà tí wọn ò tíì kà sí. Mo bá rọra fi ìlu tí mo fi ń lu awọ ṣí i, wọ́n tú àdúrà sójú ìwé gan-an, mo sì lẹ̀ ẹ́ padà. Wò ó dáadáa. Ṣé o rí ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́?"

Ìfẹ́ ló mú ọkùnrin yìí ṣe ohun tó ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe ṣe é. Ìwé tó bá níyì lójú rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kàdúrà sí i kí wọ́n tó pa á dé. Ó sì ti ṣe èyí dáadáa ju bó ṣe ń ṣe ti oníbàárà lọ.

Bushrah jókòó lé orí àwọn ìwé tó tò sórí àga.

"Bàbá, ẹ ti pa mí," ó wí.

Ẹ̀rín ẹnu Mashood kò tètè lọ. Ó ń wo ọmọ, ó ń wo ìyàwó, ó ń retí kí ẹnìkan ṣàlàyé. Bushrah ṣàlàyé. Ó ní àpòòwé tí wọ́n bá ti ṣí, ilé-ìwé tó ń lọ kò ní í gbà á, wọ́n á ní ó ti yí máàkì rẹ̀ padà. Ó ní nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i ni wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ pa.

"Ẹ̀yin náà lẹ gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ mi lánàá," Ràmọ́tà ní. "Ẹ ní fìlà lẹ fẹ́ mú. Bàbá Bushrah, ẹ gbé ohun tí ọmọ fi oṣù mẹ́jọ wá jáde nílé, ẹ ò bi ẹnì kankan?"

"Àdúrà ni mo gbé e lọ fún."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣí i?"

"Ta ló ní kí n má ṣí i?"

"Ó wà níwájú rẹ̀ gbàgàdà, Bàbá," Bushrah ní. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i."

"Ní èdè wo?"

Ràmọ́tà bu ẹ̀kọ sínú abọ́ kan, ó tún gbé abọ́ náà sílẹ̀. Láti Ọjọ́ Ajé tí ìwé ti dé, gbogbo ilé ti jó, wọ́n ti yọ̀, wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹnìkan kò sì jókòó ti baálé ilé kó sọ fún un pé báyìí báyìí ni ìwé yìí ti rí. Àwọn tó mọ̀wé nínú ilé wa, ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé láti sọ fún òbí wọn pọ̀.

Ṣùgbọ́n inú Bushrah ti ru kọjá ibi tí yóò ti rántí ìyẹn. Ó dìde.

"Bí mo bá fi iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi darúgbó, Bàbá, kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ni. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ìjọba. Ọwọ́ yín tẹ́ ẹ fi ṣí i yìí ni."

Ẹyin lohùn. Ràmọ́tà yí ojú sí ògiri. Mashood wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí gọ́ọ̀mù gbẹ sí lára èékánná, ó sì kì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ìyá Olúwadára tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé náà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá kejì, nítorí pákó ló là wọ́n láàárín. Dorcas ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé kọjá òun. Ó wọlé pẹ̀lú abọ́ kan lọ́wọ́, bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ dákun, mi ò mọ̀ pé ẹ ò tíì jẹun. Dátà tí mò ń gbọ́ láti àná yìí, ṣé èyí tí à ń rà sórí fóònù náà ni wọ́n ń lọ fi gboyè?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà sì gbé àwàdà rẹ̀ tì. "Bushrah, tẹ́tí sí mi. Gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Má sọ nǹkan kan. Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ. Bàbá yín lẹ̀ ẹ́ débi pé bí ẹ ò bá pariwo, èmi ò ní í mọ̀."

"Wọ́n á mọ̀," Bushrah ní.

"Èmi náà ń bá a lọ," Mashood wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Èmi ni mo ṣẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè, èmi ni n ó jẹ́jọ́."

"Kẹ́ ẹ lè bà á jẹ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́?" Ràmọ́tà bi í léèrè.

Bushrah ti gbé fóònù, ó ń pe ọ́fíìsì tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ní ilé-ìwé tó ti gboyè àkọ́kọ́ lẹ́yìn Odò Ọya. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ni ọkùnrin kan tó gbé e. Bushrah ṣàlàyé, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí wọ́n bá lè fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ọmọlàṣọ lórí ímeèlì lónìí, yóò gba òun là.

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ wa, madámù," ọkùnrin náà ní. "Ẹ tún fọ́ọ̀mù kún, ẹ tún sanwó, kẹ́ ẹ máa retí."

"Títí di ìgbà wo, sà?"

"Ẹ sáà máa retí. Àfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ wá rí wa."

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ wá rí wa. Ràmọ́tà pàápàá tí kò gbọ́ ohùn ọkùnrin náà rí i lójú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kọ ti dì nínú abọ́ nígbà tí wọ́n fi jáde, àkàrà sì wà bí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Ìyá Olúwadára ló padà kó o lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kó má baà bàjẹ́.

Ní Òwódé, wọ́n wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá àti ọmọ jókòó sí ẹ̀yìn, èjìká wọn ń kan ara wọn ní gbogbo kòtò, wọn kò sì bá ara wọn sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Mashood ti wọ bùbá àti ṣòkòtò tó fi ń kí ìrun Jímọ̀. Ó bèèrè bóyá ebi ń pa á. Bushrah ní rárá. Dírẹ́bà gbé wáàsí sí i látìgbà tí wọ́n ti kúrò ní gáréèjì, oníwàásù náà sì ń sọ̀rọ̀ lórí sùúrù títí wọ́n fi dé Tákìé. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn débi yunifásítì.

Aago kan kọjá díẹ̀ ni wọ́n débẹ̀. Akọ̀wé tó ń gba ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà ti lọ sípàdé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú wọn náà mú àpòòwé tirẹ̀ dání, ó fi nylon wé e nígbà méjì, ó ń gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Mashood ń wo àpòòwé ọmọkùnrin náà, ó ń wo ti ọmọ rẹ̀. Ó dìde lọ ṣe àlùwàlá, ó kírun Àyìlá lẹ́yìn ilé, ó padà wá jókòó. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni akọ̀wé dé.

Títílọlá ni wọ́n kọ sójú ìlẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin tó ti rẹ̀ ni, tí kò sì burú. Ó kí Mashood tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó gba fáìlì lọ́wọ́ Bushrah, ó ń fi bírò fagi lé ohun tó bá ti rí. Nígbà tó kan àpòòwé, ó fi àtàńpàkò rin ojú ìlẹ̀pa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbé ojú sókè.

"Àbúrò, wọ́n ti ṣí èyí."

Kí Bushrah tó lanu, Mashood ti dọ̀bálẹ̀. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nà gbalaja sílẹ̀ ọ́fíìsì, pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣí i, ìyá mi. Ọmọ ò mọ̀ sí i. Àdúrà ni mo gbé e lọ fún. Mi ò mọ̀wé. Bí ìyà bá wà ńbẹ̀, kẹ́ ẹ fi jẹ mí."

Ojú ti Títílọlá. Ó dìde kúrò lórí àga, ó ń di Mashood mú ní apá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ tó bí mi lọ́mọ. Ẹ lọ jókòó síta, ẹ jẹ́ kí n bá àbúrò sọ̀rọ̀." Mashood dìde. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni ń kúrò níwájú ọba.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn padé, Títílọlá mí kanlẹ̀.

"Òfin ni pé kí n dá a padà fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹ̀ka wa lójú àánú. Jẹ́ kí n wo inú rẹ̀, bí máàkì rẹ bá dára, mo lè gbé ẹjọ́ rẹ dé iwájú wọn kó tó di aago mẹ́rin."

"Máàkì mi dára, ma. Kíláàsì kejì, tòkè."

Títílọlá fa àpòòwé náà ya. Ó ka ojú-ewé kìn-ín-ní, ó ka ìkejì, ó sì padà sí ìkejì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ìwé náà padà, tó tì í sí iwájú Bushrah, tó fi bírò tọ́ka.

Ọdún kejì, sáà kejì. Iṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Máàkì kankan kò sí níwájú wọn. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn ni pé kò wá ṣe ìdánwò. Wọ́n sì ti ṣírò gbogbo rẹ̀ papọ̀ pẹ̀lú òdo mẹ́fà yẹn, ó wá jẹ́ kíláàsì kẹta ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé.

"Mo ṣe ìdánwò wọ̀nyí," Bushrah ní. "Mo ní ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí oyè mi wà níbẹ̀ yẹn, ẹ wò ó, ma, kíláàsì kejì ni wọ́n kọ sí i."

"Mo rí i. Ilé-ìwé kan náà ló kọ méjèèjì." Títílọlá bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Àbúrò, ká ní àpòòwé yìí kò ní àbàwọ́n kankan, ǹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, ǹ bá sì kí ọ kú oríire. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ì bá ṣí i, wọ́n ì bá rí èyí, wọ́n ì bá fa orúkọ rẹ yọ. Lẹ́tà tí wọ́n máa ń kọ kì í ju ìlà mẹ́ta lọ. O kò ní í mọ ìdí rẹ̀ láéláé."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ bá mi pè wọ́n."

"N ó pè wọ́n." Ó pè wọ́n lóòótọ́. Fóònù náà dún títí ó fi gé. Ó tún un pè. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, Ọjọ́bọ̀ sì ni, àwọn tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ti lọ sílé wọn.

Ó gbìyànjú láti fi nǹkan mìíràn rọ́pò, bí ìyá tí kò rí ẹran fún ọmọ tí ń fi omi ọbẹ̀ tù ú. Ó ní dípúlómà kan wà tí àwọn tí máàkì wọn kò tó máa ń kọ́kọ́ fi ọdún kan ṣe. Ó ní èyí tí wọ́n ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ wà, ọdún méjì ni. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà láti ilé náà wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyẹn, ẹni tó bá ń ṣe é ló ń san owó rẹ̀. Ti ọ̀fẹ́, ti oṣù méjìdínlógún tí ènìyàn yóò fi jókòó kàwé láti àárọ̀ dé alẹ́, òun nìkan ni ti ẹni mẹ́fà.

"Dípúlómà yẹn," Bushrah ní, "ti àwọn tí kò yege ni?"

Títílọlá to ìwé rẹ̀ jọ fún un, ó fi kílíìpù sí i, ó sì gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ẹ ò rí i bí àwọn ènìyàn yìí ti gbọ́n. Wọ́n ṣe àṣìṣe, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, wọ́n wá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó bá wò ó. Gbogbo ọjọ́ yìí ni ilé Mashood fi ń dá ẹnìkan lẹ́jọ́, àwọn tó jẹ̀bi sì ti jẹun ọ̀sán, wọ́n ti tan fáànù.

Mashood wà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ọgbà. Ó ti ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan, ó gbé e sórí ìtan nínú nylon, kò tíì fọwọ́ kàn án. Nígbà tó rí Bushrah, ó dìde.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

Bushrah jókòó tì í. Ó tẹ́ ojú-ewé kejì sórí orúnkún ara rẹ̀, ó mú ìka bàbá rẹ̀, ó gbé e sórí ìlà.

"Ẹ wo ibí yìí. Ó yẹ kí nǹkan wà níbẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́fà tí mo ṣe, wọn ò kọ ọ́. Ọ́fíìsì ló bà á jẹ́, kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án rárá, wọn ò ní í gbà mí. Kì í ṣe ẹ̀yin, Bàbá. Ohun tí mo sọ láàárọ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ."

Mashood gbé ojú lé ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Lójú tirẹ̀, ìlà tó pé àti ìlà tó ṣófo, bákan náà ni wọ́n rí. Alfa Israfil pàápàá, Lárúbáwá nìkan ni wọ́n mọ̀ kà. Yásíìnì mọ́kànlélógójì ni wọ́n kà sórí àlàfo náà láìmọ̀. Mashood rọra fa ìka rẹ̀ kúrò.

"O ṣeun," ó ní. "Ọmọ rere ni ọ́."

"Òótọ́ ni mo ń sọ."

"Mo gbọ́."

"Wallahi, Bàbá."

"Má búra nítorí mi, Bushrah. Ó ti tó. Mo ti mọ̀ pé wàá wá nǹkan sọ fún mi, kí ọkàn mi má baà bàjẹ́ délé." Ó gbé nylon wàrà náà sí i lọ́wọ́. "Jẹ èyí. Láti àárọ̀ lo ò ti jẹun."

Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ nọ́ńbà Ràmọ́tà. Bushrah ń wí pé kó dúró ná, kó jẹ́ kí òun bá Màmá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti yí ẹ̀yìn sí i.

"Ìyá Bushrah, wọn ò gbà á. Èmi ni mo bà á jẹ́. Bó bá délé, má ṣe bá a wí, èmi ni kí o bá wí."

Fóònù Mashood máa ń pariwo, Bushrah sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ketekete láti inú ọjà.

"Mo ti mọ̀ láti àárọ̀," Ràmọ́tà ní.

Bushrah na ọwọ́ gba fóònù náà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gé e, nígbà tó sì tún un pè, fóònù Ràmọ́tà ti dí: ó ti ń rò ó fún Ìyá Olúwadára pé Mashood ló bà á jẹ́.